Ọ̀dà Pupa Tó Mú Ẹ̀rọ Dé

Abà Ọlọ́pẹ̀ Méje,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta.

Yéjídé, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Parkchester ní New York ti ń dín kù? Yìnyín kò ní gbé ọ ṣubú, ọkọ̀ ojú irin tí ò ń wọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ yóò máa gbé ọ lọ, yóò sì máa gbé ọ bọ̀ láyọ̀. Bá mi kí Sharon tó ń gbé òdìkejì yàrá rẹ. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn mí ṣùgbọ́n ti òsì ti sàn, nítorí náà ìdajì oògùn ni mò ń rà báyìí.

Ẹ̀rọ ìfúnpo wa ti dé! Mo fẹ́ kọ́kọ́ ròyìn ilé tán kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè pa á mọ́ra. O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni àwa obìnrin mẹ́rìnlélógún inú ẹgbẹ́ elépo fi dá owó rẹ̀ jọ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́sẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,872,000 láìyẹ kọ́bọ̀. Bí kò bá dé kí ẹyìn ọdún yìí tó pọ̀n, inú ẹkù la ó tún wọ̀ láti fẹsẹ̀ tẹ epo, orúnkún mi kò sì ní gbà á mọ́.

Ìwọ lo mú un dé. Lọ́jọ́ tí o pè mí láti ọ́fíìsì, tí mò ń rí ojú rẹ nínú fóònù, o ní iṣẹ́ mọ́kàndínlógún ni ilé iṣẹ́ yín dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà, pé o bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ dé lọ́dún mẹ́ta sí i, o wá fi ìbéèrè yẹn wọn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, o sì dá mẹ́tàlá dúró. O ní Michael ọ̀gá rẹ ní o ṣe bẹbẹ. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo ní ta ni yóò máa sanwó fún ẹni tó ń dá iṣẹ́ oníṣẹ́ dúró. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e, oúnjẹ tí n kò jẹ sì dín ìnáwó ọ̀sẹ̀ yẹn kù.

Ìgbà tí a ṣèpàdé ni ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Ìyá Mísbáù, alága wa, ka ohun tí a fẹ́ fowó ṣe: ẹ̀rọ, géètì, fìlà ẹgbẹ́, ọgọ́ta àga oníke, pátákó orúkọ, àti kàlẹ́ńdà tí àwòrán alága yóò wà lára rẹ̀. Mo dìde, mo ní kí ni a ní a fẹ́ nígbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ní epo púpọ̀ láìfẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kàlẹ́ńdà mélòó ló ń fún epo. Ìyá Mísbáù ní ṣé torí pé ọmọ mi wà ní Amẹ́ríkà ni mo ṣe ń bú òun. Mo ní èmi kọ́, ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń bi í léèrè. Ẹ̀rín pa wọ́n, a dá márùn-ún dúró.

Mo wá mú àwòrán onílà aláràbarà tí o fi ránṣẹ́ jáde. Mo ti kọ́kọ́ rò pé aṣọ òfì tí o fẹ́ rà fún mi ni, kí o tó ṣàlàyé pé orúkọ òṣìṣẹ́ àti ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí ni, àti pé ti ẹni tó bá pẹ́ yóò pupa fúnra rẹ̀. Ọmọ mi, kò sí ohun tó ń pupa fúnra rẹ̀, ẹ ní ẹni tí ẹ ń sanwó fún láti kùn ún. Àwa kò lówó irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi ni mo mú ọ̀dà tó kù nígbà tí wọ́n kun ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì agolo, ọ̀fẹ́. A ní kí Hassanat ọmọ ẹgbẹ́ wa da símẹ́ńtì ibi tí ẹ̀rọ yóò jókòó, kí Olúsànmí tó ń jó irin ṣe ẹ̀rọ, kí Ìyá Mísbáù wá ọkọ̀. Hassanat ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ pé, Olúsànmí kò tíì parí. Mo dúró ọjọ́ mẹ́rin, mo lọ lọ́sàn-án gangan, mo kun ilẹ̀kùn rẹ̀ pupa látòkè délẹ̀.

Háà, Yéjídé! Ìyàwó rẹ̀ figbe ta, aládùúgbò méjì kó ọmọ wọn jáde nílé, wọ́n ní ìjọba ti fẹ́ wó ilé. Olúsànmí sáré wá, ó ní kí ni òun ṣe. Mo ní ó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Ó ní ìyẹn nìkan? Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní New York nìyẹn. Ọjọ́ méjì péré, ẹ̀rọ parí. Ìyá Mísbáù kò tilẹ̀ dúró de ọ̀dà, ó wá ọkọ̀ tó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dípò ogún. Lánàá, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá la fún kí oòrùn tó wọ̀. Ẹsẹ̀ wa ì bá fún mẹ́ta. Ìyá Mísbáù ló jó jù, òun náà ló ní kí wọ́n máa pè mí ní Màníjà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, mo mọ̀ pé o ti ń retí rẹ̀. O ní o fẹ́ fi ẹgbẹ̀rin dọ́là ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún mi. Mo fi ìbéèrè rẹ wọ̀n ọ́n. Kí ni èmi àtìwọ ní a fẹ́? Kí a fojú kan ara wa ni. Ayẹyẹ kò gbé wa débẹ̀, mo ti dá a dúró. Fi owó náà kún owó ọkọ̀ òfuurufú. Ogún dọ́là péré ni kí o fi ránṣẹ́, fún dígí ojú, kí n lè máa rí àwọn ìlà tínínrín inú àwòrán rẹ.

Kérésìmesì ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni o ní o ń bọ̀. Ọ̀dà ṣẹ́kù díẹ̀ nínú agolo, mo ti fi kun ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Mo sì ti ra kẹrosíìnì ìgò kan sílẹ̀ tí a ó jọ fi nù ún kúrò lọ́jọ́ tí o bá dé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó ṣòfò. Iwájú ni wàá máa lọ, wàá sì mọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màníjà Ẹgbẹ́ Elépo.