Rédíò Tí Kì Í Dá Ẹnikẹ́ni Lóhùn Lẹ́yìn Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì, wàá jẹun kánú níbẹ̀, àmín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o fi sílẹ̀ fún wa ni mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, ìyá rẹ kò jáde mọ́, orí àga tó wà nínú yàrá rẹ ló ń jókòó sí ṣáá, bí mo bá ní kó bá mi jáde, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Èmi nìkan ni mo wá ń wa ọkọ̀ kiri, rédíò inú rẹ̀ sì yadi. Mo nu ojú rẹ̀, mo pàrọwà fún un, kò dá mi lóhùn. Àfi lọ́jọ́ tí mo fi dandan gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ náà. Bó ṣe fìdí lé àga ẹ̀gbẹ́ mi báyìí, rédíò bú sórin! Ó sọ̀kalẹ̀, rédíò dákẹ́. Ó tún wọlé, rédíò tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí ló bá rédíò sọ̀rọ̀ kó tó lọ, pé kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lẹ́yìn ìyá òun. O ṣeun, ṣùgbọ́n ò bá ti dárúkọ èmi náà mọ́ ọn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyá rẹ nìyẹn, pé kó jọ̀ọ́, kó máa bá mi lọ, nítorí ìròyìn. Ó kọ́kọ́ ń ṣe yangà, àmọ́ inú rẹ̀ dùn pé òun ni rédíò mọ̀. Kó o wá rí i! Á kun àtíkè, á gbé báàgì, á máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn títí a ó fi délé. Ẹsẹ̀ kò dun ẹnì kankan mọ́.

Èmi tí n kò mọ ohun tó dáa, mo wá gbé ọkọ̀ lọ bá rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta epo, pé kó bá mi bẹ rédíò kó mọ èmi náà. Ó ki abẹ́rẹ́ kan tó ń tan iná bọ wáyà lára, mo bi í bóyá àìsàn náà le, ó ní rárá, ó ní wáyà kan ló tú lábẹ́ àga, pé ìwúwo ìyá rẹ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra tí iná fi ń kọjá. Mo ní kó má sọ ọ̀rọ̀ ìwúwo yẹn sétí ẹnikẹ́ni o. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ta ló rán wáyà lọ sí abẹ́ ibi tí ìyá rẹ ń jókòó sí?

Ó dè é pa. Rédíò wá ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé. Ìyá rẹ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé bí mo ṣe ń dá nìkan wọlé bọ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ní a ò nílò òun mọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó padà sórí àga rẹ. Ọmọ mi, mo ń gbọ́ ìròyìn, kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn, kò dùn létí mi rárá. Àárò ìyá rẹ sọ mí, inú ilé kan náà la sì wà.

Mo bá padà sọ́dọ̀ rewáyà, mo ní kó bá mi tú wáyà náà. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá rẹ ti wá sọ́dọ̀ òun láàárọ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ó sì ti sanwó, pé bí bàbá bá ti lè gbé ọkọ̀ dé fún ohunkóhun, kí òun bá a bà á jẹ́ padà, kí òun má sì jẹ́ kí bàbá mọ̀.

Ó ti bàjẹ́ dáadáa báyìí, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ rò pé n kò mọ̀, n kò sì ní sọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí rewáyà gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ mi, ó tún gba owó ìbàjẹ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì lórí wáyà kan ṣoṣo. Ìyá rẹ náà á béèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀, fún un, má bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò máa jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ tìrẹ. Jẹ́ kí n dúró níbí, ìyá rẹ ti wọ ọkọ̀, rédíò ti ń kọrin, ó ní ta ni mò ń kọ ìwé sí tí n kò fi tètè bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.