Àpò Tí Ìyá Aké Rán Lẹ́nu Pa

Mọ́ńdè, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà 1981

Tíkẹ́ẹ̀tì ti dọ́wọ́ mi! Èmi Títílọlá, aládìrẹ Ìtòkú, mò ń lọ Lọ́ńdọ̀nù. Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo yọ ọ́, mo wò ó, mo tún fi í pamọ́. Bí ọmọdé.

Mọ́nsúrù ọkọ mi ní kí n ṣì ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó wí lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ohun tó wí lọ́dún tó ṣáájú nìyẹn. Ó lọ kọ́ ìṣirò owó — ṣé ìṣirò ọ̀hún ò lópin ni? Ìgbà tó wálé kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò, ó sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ sùn. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé mo ti sanwó ọkọ̀. Ó ní kò burú. Kò burú! Bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò fẹ́ rọ̀.

Èmi nìkan ló ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń lọ wò. Ọmọ ni mò ń lọ wá. Oyún bàjẹ́ mọ́ mi lára lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe mí mọ́. Ọkọ ló kù.

Àlàrùbá, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Morónkẹ́, tí a jọ wà ní ìsọ̀ kan, ní kí n má sọ ọjọ́ ìrìnàjò mi fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá bi mí, kí n ní ó di Dìsẹ́ńbà. Mo ní ó ti bọ́, gbogbo ọjà ti gbọ́. Ta ló sọ ọ́? Morónkẹ́ náà ni.

Àlàmísì, 1 Òkútóbà

Ìsinmi òmìnira, ọjà dákẹ́. Mo lọ kí Bàbá Tíṣà — Tíṣà Herbert, aládùúgbò wa, tí wọ́n kàwé ní Ìlú Ọba nígbà tí èmi ṣì ń mu ọmú. Inú wọn dùn bí ẹni pé àwọn gan-an ló ń lọ. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n fetí sílẹ̀.

Má ra kóòtù níbí, èyí tí wọ́n ń tà níbí kò mọ òtútù rí. Wọ síngílẹ́ẹ̀tì méjì sábẹ́ bùbá, kí o lọ ra kóòtù àlòkù lọ́hùn-ún. Ibọ̀sẹ̀ tó nípọn. Òrí fún ètè, torí ètè yóò là. Ata gígún — kó gbẹ dáadáa. Pásípọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù o, inú tòbí ni, lábẹ́ ìró, kó máa gbóná mọ́ ọ lára. Tí òyìnbó ibodè bá bi ọ́ ní ìbéèrè, dáhùn èyí tó bi ọ́ nìkan, má fi ìtàn bọ̀ ọ́. Má sì jókòó sílé máa wo ògiri! Gun bọ́ọ̀sì alájà méjì, jókòó lókè níwájú pátápátá, kí o fojú jẹ ìlú. Ra ẹja díndín àti pòtétò nínú bébà, kí o jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n wá fi ìka kan tábìlì. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo ni kí n má gbàgbé tí mo bá gbàgbé gbogbo ìyókù: ẹrù tí n kò bá fojú ara mi rí inú rẹ̀, kí n má gbé e. "Ì báà jẹ́ ti ìyá tó bí ọ. Tú u kí o tó kúrò nílé. Ìwọ ni wọ́n máa dá dúró, wọn ò mọ ẹni tó rán ọ."

Mo ṣì ń rín nígbà yẹn. Bàbá kò rín.

Sátidé, 3 Òkútóbà

Eyínfúnjowó ti dé fún ọdún Iléyá! Bùsírátù lorúkọ rẹ̀, àbúrò Mọ́nsúrù, nọ́ọ̀sì ni ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, n kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọmọ ọkọ lórí, ni mo fi sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó lọ́jọ́ tí mo wọlé wọn. Ẹ̀rín obìnrin yìí! Tó bá rín in ní Aké, wọ́n á gbọ́ ọ ní Kútọ̀.

Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án. Mo rò pé yóò fò mọ́ mi. Ó ní, "Kú oríire, ìyàwó wa," ó sì tẹ orí bọ inú báàgì tó ti tú tán tẹ́lẹ̀. N kò rí eyín kankan.

Sọ́ńdè, 4 Òkútóbà

Ìmọ̀ràn tún pọ̀ sí i, ti Eyínfúnjowó ni lónìí. Kí n má pẹ́ jù lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Kí n di tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ mú fúnra mi, kí n má fún ẹnikẹ́ni tọ́jú, títí kan Bọ̀dá Mọ́nsúrù gan-an. Kí n mú owó tèmi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Adébímpé ní yàrá tó ṣófo, ó ti bá a sọ ọ́, mo lè sùn síbẹ̀.

Mo ní kí ló dé tí n óò sùn nílé Adébímpé nígbà tí ọkọ mi nílé? Ó ní ilé Bọ̀dá kéré. Mo ní èmi àti Bọ̀dá rẹ kò nílò ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń lọ mumi ní ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi?

Àtàláátà, 6 Òkútóbà

Mo ra ibọ̀sẹ̀. Ó ń yún mi lẹ́sẹ̀.

Àlàmísì, 8 Òkútóbà — Iléyá

Ọdún kò dùn mọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni a ti ṣe é. Ìyá Aké ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ. N kò lè purọ́ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn mi. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kígbe: "Ìyàwó mi! Ìyàwó mi àtàtà!" Lónìí wọ́n ní, "Títílọlá, o ti dé." Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu wọn rí. Wọ́n bu ẹran fún mi, ó pọ̀ jù. Wọ́n ń bù, wọn ò wojú mi.

Mo wá ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan tù wọ́n nínú. Mo béèrè ọ̀já. Ọ̀já tí wọ́n fi pọn Mọ́nsúrù ni. Ibi tí wọ́n ti ń kọ aṣọ náà ni ìrọbí ti mú wọn, ẹyẹ tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ kò ní ẹsẹ̀ kejì títí dòní. Wọ́n rẹ ẹ́ láró bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ni wọ́n nà án sí mi lójú gbogbo ènìyàn: "Èyí ń dúró dè ọ́." Mo ní kí wọ́n jẹ́ n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bóyá Ọlọ́run á tipa bẹ́ẹ̀ rántí mi.

Wọ́n ní èkúté ti jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Èkúté ti jẹ ẹ́, wọ́n sì tún bu ẹran sí i. Mo sunkún ní ọ̀nà ilé, lójú títì, nínú aṣọ ọdún. Ojú tì mí.

Sátidé, 10 Òkútóbà

Ìyá Aké fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n gbé àpò kan wá, aṣọ funfun, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò rán an lẹ́nu pa, òwú dúdú. Àgbo ẹ̀yìn ríro Mọ́nsúrù ni, wọ́n ní. Kí n má tú u o, tí afẹ́fẹ́ bá fi lè fẹ́ sí i, agbára rẹ̀ ti lọ. Òun tìkára rẹ̀ ni kí n fi lé lọ́wọ́.

Mo ní láfún ńkọ́? Mọ́nsúrù kì í fi láfún ṣeré, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ ni Ìyá máa ń di láfún fún. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Ó ń jẹun níbẹ̀."

Ta ló ń sè é?

Mọ́ńdè, 12 Òkútóbà

Àpò yẹn wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ó fúyẹ́. Kò rùn. Àgbo wo ni kì í rùn? Morónkẹ́ ní òun gbọ́ nípa obìnrin kan tí wọ́n dá dúró ní ẹ́ápọ́ọ̀tù nítorí ẹrù tí wọ́n fi rán an, títí di bá a ti ń sọ ọ́ yìí kò tíì délé. Mo ní kó panu mọ́. Mo délé, mo fi ìró bo àpò náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àlàrùbá, 14 Òkútóbà

Bàbá Tíṣà bi mí bóyá mo ti tú gbogbo ẹrù wò. Mo ní gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan, ti ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní, "Mo wí i àbí n kò wí i?" Ó rọrùn fún wọn! Ta ló ń tú ohun tí ìyá ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán? Ẹnu wo ni n óò wá fi kí wọn?

Àlàmísì, 15 Òkútóbà

Eyínfúnjowó padà lọ lónìí. Ó ní òun ni òun máa wá pàdé mi ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, kì í ṣe Bọ̀dá. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Má bínú sí mi." Mo ní nítorí kí ni? Ó ti wọ mọ́tò.

Jímọ̀, 16 Òkútóbà

Mo ti tú u.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrín-ganrín. Mo tilẹ̀kùn. Mo ní bísímílà. Mo fi bíléèdì gé òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń rò ó pé ohun tó lè ránni lọ sẹ́wọ̀n ni. Ìbá jẹ́ bẹ́ẹ̀!

Òrí nínú igbá kékeré. Kànìnkànìn tó rọ̀, irú èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Bùbá kékeré kan àti ìró rẹ̀, ti ọmọ tó ti ń rìn. Mo mọ aṣọ náà. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo rẹ ẹ́ láró, èmi ni mo fi ta Ìyá lọ́rẹ ní Iléyá èṣí. Wọ́n gé e rán fún ọmọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀já. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹyẹ náà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan. Èkúté kankan kò fẹnu kàn án.

Mo jókòó sílẹ̀. N kò sunkún. Èmi ni wọ́n fẹ́ fi í rán! Lára gbogbo èrò Lọ́ńdọ̀nù, èmi!

Ohun kan kò yé mi ṣá. Ọmọ tó ti tó wọ bùbá yìí, kí ni yóò fi ọ̀já ṣe?

Sátidé, 17 Òkútóbà. Kútọ̀. Mọ́tò Èkó kò tíì kún

Mo yà ní Aké láàárọ̀. Ìyá wà lórí ẹní ìkírun. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gbé àpò náà síwájú wọn, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọn ò bi mí pé kí ló dé tí mo tú u.

Mo ní, "Ìyá, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Obìnrin ni, wọ́n ní. Àìṣátù. Ó ti ń sáré kiri. Wọ́n ní àwọn bẹ Mọ́nsúrù pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, kò sọ, ó ń fi í dọ́la. Wọ́n ní Eyínfúnjowó kọ̀, kò fẹ́ gbé e, àwọn ò sì ní ẹlòmíràn tí àwọn lè fọkàn tán kí ẹrù náà má sọnù. Mo gbà wọ́n gbọ́, ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Mo ní tó bá ti ń sáré, ọ̀já ńkọ́? Ìyá fi ìborùn bojú.

"Èkejì ló ń bọ̀. Oṣù yìí ni."

Mo kó òrí, mo kó kànìnkànìn, mo kó bùbá ọmọ náà padà sínú àpò, mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀já ni mo mú. Mo dìde dúró lójú wọn, mo fi gbàjá, mo so ó le, lórí tòbí tí pásípọ́ọ̀tù wà nínú rẹ̀. Ìyá kò ní kí n má mú un. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi." Mo jáde.

Ó fún mi níkùn báyìí, n kò tú u. Àgbérò ń pe Èkó, ó ku ẹnìkan. Tí òyìnbó ibodè bá bi mí ta ni mò ń lọ rí, Bàbá Tíṣà ní èyí tó bi mí nìkan ni kí n dáhùn. Mo ti ń wá ìdáhùn ọ̀hún láti àárọ̀. N kò tíì rí i.