Ìwé Ìhágún Ọ̀gá Pákó, Nítorí Apá Àbúrò Rẹ̀

Èmi tí gbogbo ilé ìlagi mọ̀ sí Ọ̀gá Pákó, àkọ́bí ọkùnrin nínú ilé bàbá mi, ẹni tó gba ayùn ọwọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ òbí, tó sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ ńlá ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ni mo ń kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ríran. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Lọ́yà ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́. Mo bi í bóyá òun ló bá mi fa igi. Kíláàsì kejì ni mo ti sá nílé ìwé, síbẹ̀ àwọn tó kàwé tán ló ń wá tọrọ pákó lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ará ilé, àti ìwọ ọmọbìnrin mi tí í ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí: ẹ kò ní dúró de ikú mi kí ẹ tó kà á. Lọ́la tí gbogbo yín bá pé jọ ni kí nọ́ọ̀sì kà á sókè, kí èmi náà sì jókòó síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

1. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí títì, mo fún àwọn ọmọ mi lápapọ̀. Ẹ má tà á. Yàrá ìsàlẹ̀ tó ní fèrèsé méjì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun ló sọ nígbà kan pé ìyá àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín jù, pé kò ní lè tọ́jú ilé. Mo bá a yodì títí orí àwa méjèèjì fi hewú. Ẹ̀rín yẹn ló ń dún létí mi tí mo fi kọ́ ilé náà. Ẹni tó ń rín in ti lọ. Ìbínú náà kò níṣẹ́ mọ́.

2. Àwọn ewúrẹ́ jẹ́ ti ìyàwó ọmọ mi àgbà, òun nìkan ni kì í sọ wọ́n lókò. Òbúkọ dúdú ni kí ẹ fún télọ̀ òdìkejì títì, tó ń fi gbogbo ìgbà pariwo pé ó ń jẹ aṣọ òun. Kó kúkú di tirẹ̀, kí n wo ẹni tí yóò máa bá jà.

3. Fóònù tó ń sọ̀rọ̀, àti aṣọ tí à ń wé mọ́ apá láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ru, kí nọ́ọ̀sì gbà wọ́n padà.

Nígbà tó kọ́kọ́ gbé wọn wá, ohùn ọmọdé kan ló wà nínú fóònù náà. Kò kí mi. Ó kàn ní kí n jókòó, kí n na apá. Mo tì í mọ́ inú àpótí ìṣó. Nọ́ọ̀sì padà lọ bá àwọn ará ọsibítù rẹ̀, wọ́n sì rí i pé èmi nìkan kọ́. Àìsàn ọkàn ń gbé àwọn àgbà irú mi lọ torí a kì í gbọ́ràn sí ẹ̀rọ tí kò mọ̀wàá hù. Wọ́n bá gba ohùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sínú rẹ̀. Ó ń kí mi ní Ọ̀gá Pákó, ó ń bèèrè iṣẹ́, ó ń bèèrè ará ilé, kó tó wá rọ̀ mí pé kí n wé aṣọ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè ní kí n jókòó tí màá jókòó nìyẹn. Wọ́n gbọ́n.

Ṣùgbọ́n nínú òwò wa, pákó tó dára jù là ń gbé síwájú oníbàárà. Apá tó dára jù nílé yìí kì í ṣe tèmi. Ti àbúrò mi ni, ẹni tí ẹ ń pè ní Apá-Irin, tó ń dá yí gẹdú. Òun ni mo ń pè wọlé láràárọ̀ kó wá na apá sínú aṣọ náà, kí àwọn dókítà tí fóònù náà ń ròyìn fún lè mọ̀ pé igi líle ni wá. À ń rẹ́rìn-ín. Àfi ọjọ́ tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Ó ní Ọ̀gá Pákó, ẹ̀jẹ̀ yìí ti ru jù, ọkàn rẹ wà nínú ewu, má gbé ohun tó wúwo, máa bọ̀ lọ́sibítù.

Apá ta ló wà nínú aṣọ? Tirẹ̀. Orúkọ ta ló pè? Tèmi.

Mo sọ fún un. Ó ní kí n yé fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹ̀gbọ́n wa kò lè ṣì mí mọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣàánú mi. Ó gba ayùn ńlá lọ́wọ́ mi, ó ń ṣe iṣẹ́ tèmi mọ́ tirẹ̀ kí n lè sinmi. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹ̀rù ikú ló ń bà mí tí mo fi ń ti àìsàn sọ́rùn ẹlòmíràn. Mo na apá tèmi, fóònù ní ara mi le. Ẹ ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Oògùn tí nọ́ọ̀sì gbé wá, tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láìfọwọ́kàn! Ẹ gbé àga sí mi nídìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ ní kí n kọ ìwé ìhágún.

Èmi tí mò ń fi ìka kan igi lẹ́ẹ̀kan tí mo sì ń mọ̀ pé inú rẹ̀ ti ṣófo, mi ò kan ẹni tó dúró tì mí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní ìyẹ̀fun igi ni.

4. Bàbá wa fi ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nínú ìwé ìhágún tirẹ̀. Apá-Irin mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ, ó sì dùn ún wọ eegun. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún ni, òun kò jẹ́ tàpá sí i. Kò gbọ́ràn sí alààyè kankan rí. Ìwé yẹn nìkan ló tẹrí ba fún. Ohun tó jẹ́ kí n kọ tèmi nìyẹn.

Mo fún Apá-Irin ní ilé ìlagi, ayùn ńlá àti ayùn bàbá wa, láti ọ̀la lọ. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, kó na apá ara rẹ̀ níwájú dókítà, lórúkọ ara rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ fọ́ ayùn bàbá wa sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀.

5. Nọ́ọ̀sì, sọ fún àwọn ará ọsibítù rẹ pé kí ohùn náà máa kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni apá. Ẹ ti kọ́ ọ ní ìkíni àgbà. Ẹ kọ́ ọ ní ọgbọ́n àyínìke àgbà pẹ̀lú.

Láti àárọ̀ tí mo ti ń kọ ìwé yìí ni ayùn ńlá ti ń dún níta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Kò sì tíì tó àkókò oúnjẹ.

Mo fọwọ́ sí i: Ọ̀gá Pákó.
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹta, ọdún tí mo pé àádọ́rin.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Télọ̀ òdìkejì títì. Ó ti fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: Awakọ̀ tó ń bá mi kó pákó. Kò tíì fọwọ́ sí i. Mo ní kó lọ wo ìdí tí ayùn fi dákẹ́. Ó ń pariwo orúkọ àbúrò mi níta.