Tìróò Ìyá Yín

Adéníyì,

Bọ́lánlé ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ọmọ wá láàárọ̀ yìí, ó ní òun wá gba tìróò ìyá yín láti lé sójú ọmọ. Èyí tí ìyá yín fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ kẹ́yìn kó tó kú ni mo tọ́jú de ọmọ náà. Mo ṣí ìgò, ó ti ṣófo.

“Bàbá, ẹ ṣáà ní ó kù.”

Mo dé ìgò náà padà.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo wo orí tábìlì rẹ. Àwọn ère jagunjagun àti iwin kéékèèké tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ fi ń ṣeré ogun, gbogbo wọn ló ti lé tìróò. O gé idà kúrò lọ́wọ́ wọn, o fún wọn ní àdá. Iṣẹ́ rẹ dára. Ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Mo ti pe Bọ́lánlé lórí fóònù, mo sọ fún un pé èmi ni mo dà á nù. Má jẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ lo lò ó tán. Abiyamọ ni, n kò fẹ́ kó máa sunkún.

Iṣu wà nínú ìkòkò. Má dúró dè mí pé o fẹ́ bẹ̀ mí.

Mo ń lọ sí Ọjà'ba, kí n ra tìróò ọlọ́jà fún ọmọ tí a sọ ní Yétúndé.

Bàbá rẹ