Àwòrán Àdìrẹ Yín Tí Mo Tì Pa Sínú Láptọ́ọ̀pù

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Àrẹ̀dú o, ìyá aláró. Èmi Rísíkátù, ọmọ yín obìnrin, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Glasgow. Ṣé ara yín le? Ṣé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi Mùtíù, ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí sí màmá létí nítorí ojú wọn, ẹ kú iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò, ẹ kú eruku. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ebi bá ti ń pa yín. Mo kí ìyá wa ti Owódé, tó ń fi láfún tí ẹ fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ránṣẹ́ sí yín láìsinmi. Mo fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà kan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí àwa ọmọ aláró tó wà lẹ́yìn odi pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá.

Iṣẹ́ ń lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣì wà. Mo ń wẹ àwọn ìyá oníìyá, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń ya irun wọn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń di ọwọ́ mi mú, kò ní fẹ́ tú u sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láúláú, kò sí aró lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo máa ń rò nígbà yẹn, mo sì máa ń bi ara mi pé ta ló ń bá màmá tèmi gbé omi gbígbóná báyìí. Ní ti òtútù, ẹ má bi mí. Oòrùn ibí máa ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó ni. Nígbà míì mo máa ń sunkún lórí ibùsùn láìsí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé mo sọ ọ́.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé fóònù ní Sátidé tó kọjá, ẹ ní àbí inú ń bí mi ni. Inú ò bí mi, màmá. Láptọ́ọ̀pù mi ni mò ń bá jà.

Akosua, ọmọ Gánà tí a jọ ń gbé, ni wọ́n jí tiẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ní kò séwu, páswọ́ọ̀dù wà lórí ẹ̀. Kò pẹ́ tí àwòrán òun àti ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò wa ló là á yé wa. Ó ní páswọ́ọ̀dù tí a ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbà wá wọlé, iwájú nìkan ló tì. Olè ò bá iwájú jà. Á yọ díísìkì inú rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ẹrù sí, á kì í bọ ẹ̀rọ mìíràn, á sì máa ka ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ilé tó ní géètì irin níwájú tí kò ní ògiri lẹ́yìn ni.

Mo sáré lọ gbé tèmi, torí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo fẹ́ kúrò nílé, tí ẹ tẹ́ gbogbo aṣọ sórí ẹní nínú yàrá, tí ẹ ní kí n máa ya wọ́n ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan? Èyí tó ń lọ sí ọjà Ìtòkú fún títà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni ẹ ṣe ti ilẹ̀kùn. Torí ti inú ilé ni, àwọn àpẹẹrẹ tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín, tí ẹ kì í yà sára aṣọ ọjà láéláé, àfi sára ìró ìpọnmọ tí ọmọbìnrin ilé wa bá bímọ. Ẹ ní àmánà ni. Ẹ ní bí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àdìrẹ bá fi lè rí i, wọn á fi nu tábìlì nígboro. Nígbà yẹn ọwọ́ yín ṣì dúró. Báyìí ìyẹ́ adìẹ tí ẹ fi ń yà á ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́, àwọn ìró yẹn náà ti gbó, ìtọ̀ ọmọ àti ọṣẹ ti jẹ wọ́n tán. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti pé pérépéré mọ́ àfi inú ẹ̀rọ mi.

Mo bá jókòó tì í. Linux ni ẹ̀rọ mi ń lò, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á. Ọkùnrin yẹn ní kí n má wulẹ̀ máa ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí n ti gbogbo díísìkì pa lápapọ̀, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tó bá yọ ọ́, jágbajàgba ni yóò rí. Ọ̀nà tó rọrùn jù, ó ní, ni kí n kó ẹrù jáde sí díísìkì mìíràn, kí n nu ẹ̀rọ mọ́ pátápátá, kí n wá gbé Linux tuntun sínú rẹ̀, kí n sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé títì ni mo fẹ́. Nígbà tó kan ibi tó ti bi mí pé ṣé kó nu gbogbo rẹ̀, ìka mi gan-an ò fẹ́ lọ. Mo ṣe bísímílà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn. Ó ní kí ó gùn dáadáa. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́nrẹ́n, ó tán nìyẹn. Ẹni tó ṣe ètò náà fúnra rẹ̀ ò lè bá mi ṣí i. Bí aró tó ti dà sínú odò Ògùn ni, kò sẹ́ni tó lè bù ú jọ mọ́.

Kí ló wá gùn tí mi ò lè gbàgbé láyé? Oríkì tí ẹ fi ń jí mi ni. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn òyìnbó ń wá ọ̀rọ̀ gígùn kiri, ìyá mi ti fi tèmi sí mi létí láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ láti orí Àbẹ̀kẹ́ títí dé ibi tí ẹ ti ń dárúkọ àwọn ìyá-ńlá wa. Ẹ̀rọ gbà á. Mo kó ẹrù padà, mo ti díísìkì tí mo kó o sí náà pa, mo sì sùn bí ẹni tó ti yọ sàká.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ pè. Mò ń dín ẹyin, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Mi ò tíì kí yín tán tí ẹ fi gbé oríkì mi sókè, ó di Àbẹ̀kẹ́, ohùn yín gba gbogbo ilé ìdáná. Akosua dá ọwọ́ dúró, ó ní ohùn yẹn mà dùn o, àfi bó ṣe gbé fóònù tirẹ̀ jáde tó ń gbà á sílẹ̀. Èmi wá dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi lẹ ń kọ lórin sétí ará ilé. Ká má tilẹ̀ sọ ti ilé wa ní Ṣàpọ́n, níbi tí gbogbo agbo ilé àti àwọn oníbàárà yín ti mọ̀ ọ́n lórí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú yín. Ẹ ní ẹ ò ní torí ẹ̀rọ kankan má ki ọmọ yín. Mo ní mi ò bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀, màá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò gba pé ká tún nu ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ nìkan là ń pààrọ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu yín. Ẹ ní bí mo bá gbàgbé ńkọ́. Ẹ ò sọ ìkejì rẹ̀, pé bí nǹkan bá ṣe mí ńkọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo ní ètò náà gba kọ́kọ́rọ́ ju ẹyọ kan lọ, ẹni méjì lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ilẹ̀kùn kan náà. Mo ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sọ ọ́, kí n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ wá ní ẹ ti mú un. Mo ní kí ẹ sọ ọ́. Ẹ ní rárá.

Ẹ ní ohun ilé wa kì í gba ẹnu òjíṣẹ́ kọjá, fóònù sì ni òjíṣẹ́ tó lẹ́nu jù. Ẹ ní ìyá yín di ọwọ́ yín mú lórí aṣọ, ẹ̀yin náà di tèmi mú, ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Ẹ ní kí n gbé ẹ̀rọ náà wálé, kí n kọjú sí ògiri, kí ẹ fi ìka yín tẹ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ìwé mẹ́fà tí ẹ kà tó o, bí ojú yín tilẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ ó wá lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó ń lé yín.

Mo bínú, màmá. Mo ní ẹ ń fi àmánà ṣeré, pé bí nǹkan bá ṣe mí, iṣẹ́ ìyá yín gbé nìyẹn. Ẹ ní kí n má wulẹ̀ pariwo. Lẹ́yìn tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lẹ ń bá mi sọ, pé kí n wálé ni. Ẹ mọ̀ pé ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, pé bí mo bá jáde láìní i lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ìwé ni mò ń dúró dè.

Àyè kejì yẹn ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Láràárọ̀ tí mo bá ṣí ẹ̀rọ, mo máa ń rántí pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín tó yẹ kó wà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí, màmá, kì í ṣe ẹ̀rù olè mọ́. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ má gbé ìkòkò aró mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e. Mo ti ní kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, mo ti kó ohun tí mo sọ jẹ. Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi Mùtíù. Bí mo bá tiẹ̀ tún pè tí mo ń bẹ̀bẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ mú un dání títí màá fi dé, kí ẹ ní kí n kọjú sí ògiri.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí, aró yín á mu, ẹsẹ̀ mi á tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá lójú yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ìyá tí ẹ jọ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ o.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù Àbẹ̀kẹ́.