Ilé Tí Kò Sí Lọ́jà

Ọmọ mi kan ṣoṣo,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le, ṣé o sì ń jókòó jẹun láàárọ̀, àbí orí ìdúró náà lo ṣì ti ń gbé tíì mì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé? Èmi ìyá rẹ wà, mo le koko, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá. Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí rẹ sí kò ní í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ rà ọ́ ní ọ̀pọ̀ kò ní í bá ọ nílé. Ṣe àmín kó o tó máa kà á lọ.

Ilé ò burú. O ní ò ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ, òjò ti wá bẹ̀rẹ̀. Mi ò bínú o, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé àwọn ẹlòmíràn ni kì í jẹ́ kó o ráyè wá sí tìrẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀ ló kàn pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ewúrẹ́ Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, àwọn tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tún wọlé wá, ó jẹ apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì tí mo gé sílẹ̀ fún akọ̀wé kan. Mo bá fi apá kúkúrú sí ọ̀tún, mo fi gígùn sí òsì, mo ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nílùú ńlá nìyẹn. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti padà wá ní kí n rán òmíràn.

Iṣẹ́ tó o fi rán mi lórí fóònù ńkọ́? Mo ti ṣe é. O ní ọ́fíìsì yín ń wá ilé rà, pé ẹ ò fẹ́ èyí tí wọ́n ti kéde, torí gbogbo ayé ló ń du ìyẹn, owó ẹ̀ sì ti gun òkè àjà. O ní ilé tí kò sí lọ́jà lẹ̀ ń wá, kí n bá yín wò yíká, torí aránṣọ ni mí, kò sẹ́ni tí mi ò mọ ìwọ̀n ìbàdí ẹ̀ nílùú yìí. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà, ó di ọ̀nà ọjà, kí n lè mọ àwọn ilé tó wà níbẹ̀ ká lè yọ wọ́n kúrò. Ilé onígbàjámọ̀ wà lọ́jà, mo yọ ọ́. Ilé ẹni tó ń ta ìṣó àti páànù náà wà lọ́jà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dáa sì ni, ó dùn mí, àmọ́ mo yọ ọ́. Gbogbo ilé tó kù nílùú ni kò sí lọ́jà! Mo ń yọ̀ bọ̀ wálé pé iṣẹ́ ti rọrùn. Àfìgbà tí mo sọ fún Tíṣà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín wọn fẹ́ẹ̀ jábọ́. Wọ́n ní ilé tí kò sí lọ́jà ni ilé tí ẹni tó ni ín kò tíì sọ fẹ́nì kan pé òun fẹ́ tà, bóyá kò tiẹ̀ tíì rò ó rárá, àfi kí ẹ lọ bá a nílé kẹ́ ẹ rò ó fún un. Mo ní háà, ṣé èèyàn wá ń tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ ni? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo gba bẹ́ẹ̀. Mo tún jáde, mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi dé iwájú ilé Baba Onírungbọ̀n, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Inú mi dùn ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ. Mo ní èyí rèé! Ilé tí kì í ṣe títà là ń wá, ilé ló ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ yìí, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti ń retí wa tipẹ́. Mo kan ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ kí wọn pẹ̀lú orúnkún mi yìí, mo ní bàbá, mo rí i pé ilé yín kì í ṣe títà, ẹ kú oríire, irú ẹ̀ gan-an lọmọ mi fẹ́ rà. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní ṣé kò sí ilé wèrè tí wọ́n ti ń wá mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri yẹn, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n kà ni? Mo ní mo mọ̀ ọ́n kà, òun ló gbé mi wá. Wọ́n bá nawọ́ sí ọ̀pá, mo bá dìde kíákíá, mi ò mọ̀ pé orúnkún yẹn ṣì lè sáré.

Ibi tí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ní kọ̀rọ̀ ni àbúrò wọn ti wá bá mi, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé inú ilé náà. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní ṣé ọmọ mi lówó lọ́wọ́, pé òun lè ta apá tòun, kí ẹ̀gbọ́n òun ṣá má gbọ́. Mo ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ ojú mi là lọ́jọ́ yẹn. Ilé tí kò sí lọ́jà ni ilé tí ẹni tó ń sùn sínú ẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ná an.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń hó, o wá kọ́ mi ní àmì. O ní kí n wo ilé tí koríko ti gba iwájú ẹ̀, tí páànù ẹ̀ ti dípẹtà, tí ọ̀dà ń ṣí lára ògiri, tó jẹ́ pé arúgbó kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀, tí ọmọ ẹ̀ wà lọ́nà jíjìn tí kì í yọjú. O ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ti sú u, téèyàn bá ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kì í pẹ́ gbà. Mo ní ọmọ mi mọ̀wé.

Mo rìn o. Ilé opó tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, òrùlé ẹ̀ ń jò dáadáa, koríko ga, inú mi ti ń dùn, àfi bí ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣe yọ láti inú ilé tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ lòun ń wá. Ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ilé baba káfíńtà náà ì bá dáa, páànù ti dípẹtà tán, àmọ́ ọmọ wọn ti wá kó wọn lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ó ní òun ò lè máa sùn kí bàbá òun máa dá wà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò jẹ́ kéèyàn rí iṣẹ́ ṣe.

Ó rẹ̀ mí, mo ní kí n padà sílé lọ mumi. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, koríko dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo gbójú sókè, páànù pupa bí ojú ọ̀mùtí. Mo fọwọ́ ti ògiri, ọ̀dà tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mo wọ pálọ̀, mo wọ yàrá, arúgbó kan ṣoṣo ni mo bá, inú dígí ló wà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ilé wa ni, ọmọ mi! Gbogbo àmì tó o kọ́ mi ló pé síbẹ̀, ẹyọ kan ò yẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó wá nǹkan lọ sọ́nà jíjìn, tó jẹ́ pé inú àpò ṣòkòtò ẹ̀ ló wà. Èmi tí mò ń rán ṣòkòtò fún gbogbo ìlú, kò yẹ kí n wà lára wọn.

Mo pe nọ́ńbà tó o fún mi, obìnrin ọ́fíìsì yín ló gbé e. Mo ní mo ti rí ilé. Mi ò sọ pé èmi ni mo ni ín, kò kúkú bi mí. Mo júwe ẹ̀, mo ní ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀, ó ní òun ti rí i nínú kọ̀ǹpútà òun, pé òun ń wò ó láti òkè báyìí. Láti òkè! Mo gbójú sókè, mo kí i, mi ò rí i, mo bá sáré lọ ká àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi kúrò lórí okùn, mo ní kó má bínú, mi ò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Ó ní ṣé àwọn ọmọ ìyá náà máa ń wá? Mo ní ọmọ kan ló bí, ó máa ń sọ pé òun ń bọ̀. Ó ní ìyẹn dáa gan-an. Ó ní ṣé ìyá náà lẹ́nu tó lè fi ná owó? Mo ní ó lẹ́nu, ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ni kò rí.

Ó wá ní kí n fọkàn balẹ̀, ìwọ lòun máa gbé ilé náà lé lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ àwọn ìyá àgbà í bá sọ̀rọ̀ bíi tìrẹ. Ó ní tó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, o kì í kánjú. O máa ń jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì, o máa ń jẹ oúnjẹ wọn tán, o máa ń wo fọ́tò wọn níkọ̀ọ̀kan, o sì máa ń bi wọ́n bí orúnkún wọn ṣe ń ṣe. Orí mi wú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé o ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ó sì dùn mí, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Mi ò rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Báyìí, mo ń tọ́jú ilé dè ọ́. Tíṣà fẹ́ bá mi gé koríko, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó ń kan òrùlé gbé àkàbà wá, mo dá a padà. Òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì tó o ń sùn nígbà tó o wà ní kékeré, mo gbé báàfù sí i, mi ò jẹ́ kí wọ́n dí i, torí tá a bá tún un ṣe, àmì á bàjẹ́, o ò sì ní í wá mọ́.

Obìnrin yẹn ní Sátidé lo máa wá. Mo ní ìyá náà á wà nílé, ibo ló fẹ́ lọ? Bá mi mú owó páànù dání, àti owó ọ̀dà, àti ti ẹni tó máa gé koríko, àti epo fún ẹ̀rọ mi. Má fi sí bánkì o. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri bánkì yẹn, mo kí i títí, káàdì mi ló gbé mì, kò bi mí nípa orúnkún mi. Fọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Iye tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé, a máa sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Màá ṣe bíi pé mi ò mọ̀ ọ́ rí, kó o lè ṣe iṣẹ́ rẹ bó o ṣe ń ṣe é fáwọn yòókù. Orúnkún ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Òsì ni.

Ọlọ́run á gbé ọ wá, á gbé ọ padà. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, àwọn ọmọ rẹ á sì máa yà wò ọ́ láìjẹ́ pé òrùlé rẹ ń jò.

Tó o bá dé, tó o rí i pé mo ti fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, má jẹ́ kó lé ọ padà. Ìwọ náà mọ̀ pé irú ẹ̀ gan-an lẹ̀ ń wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
onílé.