Igun Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má ṣàníyàn. Mò ń jẹun, mo sì ń sùn. Lónìí mo fẹsẹ̀ rin Bologna já, gbogbo ọ̀nà tí èmi àti Tiziano máa ń rìn kó tó kú.

Ẹ rántí abẹ́ ilé àtijọ́ tí ẹni méjì ti ń kọjú sí ògiri ní igun méjì, tí ọ̀kan á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí èkejì á sì gbọ́ ọ kedere? Ibẹ̀ ló ti bẹ̀ mí pé kí n fẹ́ òun. Mo kọjú sí igun tèmi, mo ní, “Tiziano, èmi ni.”

“Ornella, ṣé o ti jẹun?”

Ohùn rẹ̀ ni. Mo ní mo ti jẹun.

“Irọ́ ni.”

Ọkùnrin kan tó ń dúró lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín: “Màdáámù, kò sẹ́nì kankan ní igun kejì o! Àbí ògiri lẹ fẹ́ fẹ́ ni?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn. Igun náà ṣófo lóòótọ́.

Ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀ láti Lecce wá. Mo ti ra búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni màá ti jẹ ẹ́ lọ́la, kó lè gbọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tiziano ní kí n kí yín.

Ọmọ yín,
Ornella